Ìbéèrè Tí Bàbá Tísà Kò Bi Ìyá Gẹ́ṣómù

Mánásè ni mo ń jẹ́. Bàbá àgbà mi, tí gbogbo ìlú Ijoun mọ̀ sí Bàbá Tísà, ni wọ́n fún mi ní orúkọ náà. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ mi pé orúkọ Hébérù ni, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ń múni gbàgbé. Nígbà tí Bàbá kú, tí ẹbí ní kí n kọ ìrántí wọn sílẹ̀ nítorí pé èmi ni mo ń lọ sí kíláàsì alẹ́, ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹni tí ń múni gbàgbé ni yóò máa rán wa létí?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí Ayétòrò, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kafíńtà, tí mo jókòó ti tábìlì láti kọ ọ́, mo rí i pé ohun tí ó gba ọkàn mi jù kì í ṣe ìbànújẹ́. Ìtìjú ni.

N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ ni n ó kọ, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. N ó sì kọ nípa ohun kan tí wọ́n ṣe ní ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè, tí ó ṣì ń ti gbogbo ilé wa lójú.

Mo ní ìdí tí n kò fi lè yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ìdílé wa, bí àgbà bá kú, ọmọ-ọmọ tí ó dàgbà jù ni ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, tí yóò pe orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí a pè yóò dáhùn pé, "Èmi nìyí." Ẹni tí ń pè yóò sọ ìtumọ̀ orúkọ náà, gbogbo ìjọ yóò sì ṣe Àmín. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n dá àṣà náà sílẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà mi kú. Èmi ni ọmọ-ọmọ tí ó dàgbà jù. Láàrin àwọn orúkọ tí mo ní láti pè, ọ̀kan wà tí n kò mọ bí ènìyàn ṣe lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ìyá ọmọ náà. Gẹ́ṣómù ni.

*

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó gbọ́njú. Àwọn ni wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn sì ni àwọn òbí ń wá bá fún orúkọ ọmọ. Wọ́n gbà pé gbólóhùn ni orúkọ lọ́dọ̀ àwọn Hébérù gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ibi tí àwa ti ń fi Olúwa síwájú, àwọn Hébérù a fi Éélì, tí í ṣe Ọlọ́run, sẹ́yìn. Dáníẹ́lì: Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi. Nàtáníẹ́lì: Ọlọ́run ni ó fi fúnni. Bàbá a máa sọ fún àwọn òbí pé, "Ẹ gbé Éélì yẹn kúrò ní ìdí, kí ẹ gbé e sí orí. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ yín ti di Olúwafúnmi."

Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn ṣí ìwé kí wọ́n yan orúkọ. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, Bàbá a gbé àpótí kékeré kan tí mo kàn fún wọn, wọn a lọ sí ilé ìyá ọmọ, wọn a jókòó ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Wọn kì í bá bàbá ọmọ sọ nǹkan kan ju ìkíni lọ. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń bi í: "Nígbà tí o kọ́kọ́ rí ojú ọmọ yìí, kí ni ó jáde lẹ́nu rẹ?"

Wọ́n ní ọ̀nà àwọn Hébérù ni. Wọ́n ní nígbà tí Léà bí àkọ́bí rẹ̀, ó ní kí wọ́n wò ó, ọmọkùnrin ni. Ohun tí Rúbẹ́nì sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Ìyá mi sọ fún Bàbá pé òun ní ìrora náà ti lọ, bí ẹni pé kò wáyé rí. Bí mo ṣe di Mánásè nìyẹn. Obìnrin kan ní ilé kejì sí tiwa kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín ni ó bú sí. Ísáákì ni ọmọ tirẹ̀, nítorí ẹ̀rín ni Ísáákì túmọ̀ sí.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ìbéèrè náà fẹ́ dójú ti Bàbá. Ìyá ọmọ tí wọ́n bi ronú, ó ní, "Mo ní kí wọ́n fún mi lómi."

"Omi?"

"Omi ni, Bàbá. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"O kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Mo ní kí ó tutù."

Bàbá gbé àpótí wọn, wọ́n lọ sílé, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n dìde, wọ́n pe ọmọ náà ní Mósè, ẹni tí a fà jáde láti inú omi. Agbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Bàbá ọmọ náà ń ráhùn pé orúkọ náà ti le jù fún ọmọ òun, pé ta ni yóò kojú Fáráò. Bàbá yíjú sí i, wọ́n ní, "Ìyàwó rẹ ni kí o lọ bá. Ẹnu rẹ̀ ni orúkọ ti wá. Èmi kàn gbà á sílẹ̀ ni."

*

Orúkọ Bàbá fúnra wọn ni Tìmótì, èyí tí kì í ṣe Hébérù rárá. Gíríìkì ni. Wọ́n mọ̀, ó sì ń dùn wọ́n díẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ni Alhaji Ìsìmáílà, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, tí ń ta ọkọ́ àti àdá ní ojúde mọ́ṣáláṣí.

Bí Bàbá bá ti ń kọjá, Alhaji a ké láti inú ṣọ́ọ̀bù pé, "Ọmọ Gíríìkì! Níbo lò ń lọ?"

"Mo ń bọ̀ wá kí ìwọ Hébérù."

"Ta ni Hébérù? Orúkọ ẹ̀sìn mi ni mò ń jẹ́."

"Íṣímáẹ́lì ni ọ́. Yíṣímà, ó ń gbọ́. Éélì, Ọlọ́run. Ọlọ́run ń gbọ́. Bí o bá fẹ́, kí o lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹwàá, Éélì yẹn kò ní kúrò lára rẹ."

"Ẹ gbà mí o! Tísà fẹ́ rì mí bọmi lójú ọ̀nà!"

Báyìí ni wọ́n máa ń ṣe, bí ẹni pé wọn kò ṣe é rí. Ní ọjọ́ kan, mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn kò fi gba orúkọ Hébérù kan kún tiwọn, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń fi aṣọ nu dígí ojú wọn. Wọn kò gbé ojú sókè. "Jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Àlejò ni mí láàrin àwọn orúkọ tí mò ń pín."

*

Bàbá a máa jà nítorí orúkọ. Ìjà tí mo rántí jù ni ti tọkọtìyàwó kan tí wọ́n ti yan Jábésì kí wọ́n tó wá. Ọkọ náà ní òun gbọ́ orúkọ náà nínú ìwàásù, pé orúkọ alálùbáríkà ni. Bàbá ní àlùbáríkà tí Jábésì inú Bíbélì rí kò yí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ padà. Ìrora ni ìyá rẹ̀ rí, ìrora ni ó sì sọ ọ́.

"Bàbá, orúkọ náà gbayì," ọkọ ní.

"Ǹjẹ́ ìyàwó rẹ sọ pé òun rí ìrora?"

"Ó bí wẹ́rẹ́."

"Kí ló wá fẹ́ fi ìrora ṣe?"

Ọkùnrin náà ní ẹni tí ó bímọ ni ó ni orúkọ. Bàbá dìde, wọ́n gbé àpótí wọn. Wọn kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ náà. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọn kò sì bá ọkùnrin náà kọ orin nínú ìwé orin kan náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìjókòó kan ni wọ́n jọ máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kí wọ́n tó jáde ní ilé ọkùnrin náà kò kúrò létí mi. N kò mọ̀ nígbà náà pé ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà yóò padà sí. Wọ́n ní, "Ọmọ ni yóò máa dáhùn ún, kì í ṣe ìwọ."

*

Ní ọdún tí wọ́n ti ẹnubodè, Ijoun dàbí ilé tí wọ́n kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Àwa tí a ń lọ sí apá Kétu ní òdìkejì ẹnubodè láti kékeré fún ọjà, fún ìgbéyàwó àti fún òkú, a wá ń gbọ́ lórí rédíò pé ilẹ̀ òkèèrè ni. Àwọn ilé epo tí ó wà nítòsí ẹnubodè kò rí epo tà. Bí mo bá fẹ́ wá sílé láti Ayétòrò, ọlọ́kadà a kọ́kọ́ wo táńkì rẹ̀, a wò mí, a mi orí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá jù ní ilé wa ni Jóṣúà, àbíkẹ́yìn Bàbá. Àbúrò bàbá mi ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ ní ọjọ́ orí. Ọ̀kadà ni ó fi ń ru àgbàdo lọ sí ọjà àwọn ará Kétu, ibẹ̀ ni ó sì ti rí ìyàwó rẹ̀. Bàbá ti ní ọmọ olùkọ́ kan lọ́kàn fún un ní Ìláró. Nígbà tí Jóṣúà mú obìnrin náà wálé, ohun tí Bàbá kọ́kọ́ béèrè ni orúkọ rẹ̀.

"Ṣàntáàlì, Bàbá."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Àwọn sísítà Àgùdà ní ilé-ìwé ni wọ́n fún mi."

Bàbá yíjú sí wa. "Orúkọ tí kò ní gbólóhùn nínú," wọ́n ní. Wọn kò béèrè bóyá ó ní òmíràn.

Nígbà tí ẹnubodè tì, tí Jóṣúà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìníṣẹ́, Ṣàntáàlì ti lóyún. Bàbá kò na ẹnikẹ́ni, wọn kò sì pariwo. Wọ́n kàn ń sọ ọ̀rọ̀ kéékèèké ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn tán, wọn a ní, "Ìyàwó, kí ni àwọn ará ibẹ̀ yín wí sí èyí?" Bí ẹni pé Ṣàntáàlì ni ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó máa ń dáhùn pé, "Wọn kò wí nǹkan kan, Bàbá." Ẹ̀rín rẹ̀ a sì kéré sí i lójoojúmọ́.

Ó bí ọmọkùnrin. Ìyá rẹ̀ gbéra láti wá wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè tí ó wà ní ojú ọ̀nà dá a padà. Àwọn ènìyàn mọ ọ̀nà inú igbó. Orúnkún màmá náà kò gbà á. Àwọn ará ilé wa ni wọ́n wẹ ọmọ náà.

Gbogbo wa ń retí kí Bàbá gbé àpótí wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Ṣàntáàlì. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láàrin agbo ilé. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, wọn kò lọ. Jóṣúà rán mi sí wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé kí ó fọkàn balẹ̀, àwọn ti mọ orúkọ náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí agbo ti kún, Bàbá dìde. Ṣàntáàlì gbé ọmọ sí itan kan, ó gbé fóònù sí itan kejì, ó ṣí i sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè máa gbọ́ àdúrà láti òdìkejì.

"Gẹ́ṣómù," Bàbá ní. "Gérì ni àlejò. Ṣámù ni níbẹ̀. Àlejò níbẹ̀. Nítorí pé ní ọdún tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ilẹ̀ wa, inú ilé ni a bá àlejò."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, nítorí Bàbá a máa dápàárá níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn kan ṣe Àmín, nítorí ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣàntáàlì wo ọmọ rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde láti inú fóònù, ó rọra, ó sì dàrú díẹ̀ bí ti ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò.

"Kí ni wọ́n pè é?"



*

Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá lè má mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ ọmọ náà ni a ó máa fi pe òun náà. Láti ọjọ́ náà, Ṣàntáàlì di Ìyá Gẹ́ṣómù. Àwọn ọmọdé a jí, wọn a kí i pé, "Ìyá Gẹ́ṣómù, ẹ káàárọ̀." Àwọn obìnrin a ké láti ìdí ààrò pé, "Ìyá Gẹ́ṣómù, ṣé iyọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ yín?" Gbogbo wa ni a ń pè é bẹ́ẹ̀, a kò sì ní ohun mìíràn tí a lè pè é tí kò ní jẹ́ àfojúdi. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, àlejò ni a ń pè é.

Jóṣúà bínú ní ọjọ́ kan. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa pè é ní Ìyàwó. Ṣàntáàlì ni ó dá a lẹ́kun. Ó ń yọ ẹ̀gẹ́ sínú abọ́ nígbà náà, kò tilẹ̀ dá ọwọ́ dúró. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

*

Ẹnubodè ṣì wà ní títì nígbà tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan bọ́ sí ìtàn Mósè. Bàbá ni wọ́n kà á. Ohùn wọn a máa dún ketekete, ìka wọn a sì máa rìn lábẹ́ ìlà. Wọ́n ka bí Mósè ti sá kúrò ní Íjíbítì, bí ó ti jókòó létí kànga ní ilẹ̀ Mídíánì, bí bàbá Sípórà ti ní kí wọ́n pè é wá jẹun, bí ó ti fún un ní ọmọbìnrin rẹ̀, tí ọmọbìnrin náà sì bí ọmọkùnrin. Wọ́n dé ibi tí Mósè ti sọ ọmọ náà ní Gẹ́ṣómù, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀, pé òun ti di àlejò ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tòun.

Ìka Bàbá dúró.

Mo mọ ìtàn náà, gbogbo ìjọ ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ Bàbá lórí ìwé náà, ó sì yé mi bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Obìnrin kọ́ ni àlejò nínú ìtàn yẹn. Sípórà wà nílé bàbá rẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó ya ẹnu sọ ọmọ lórúkọ ni àlejò, ara rẹ̀ ni ó sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mósè kò fi orúkọ yẹn na ìka sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n gbà á sílé, oúnjẹ wọn ni ó ń jẹ.

Ṣàntáàlì jókòó ní ìlà àwọn obìnrin. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Kò gbé ojú sókè.

Bàbá pa ìwé dé. Ẹ̀kọ́ náà kò tíì tán. Wọ́n ní, "Níbí ni ẹ̀kọ́ parí sí," wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì jáde kí a tó kọ orin.

*

Mo mú fìlà wọn tẹ̀ lé wọn, nítorí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sórí ìjókòó. Wọn kò gba ọ̀nà ilé. Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ìsìmáílà ni wọ́n yà sí.

"Ọmọ Gíríìkì!" Alhaji kígbe. "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ti jáde ni? Àbí wọ́n lé ọ?"

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yẹn kí irun mi tó funfun," wọ́n ní. "N kò mọ̀ pé mo wà nínú rẹ̀."

Nígbà tí Bàbá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo rò pé Alhaji yóò dápàárá. Wọn kò dá a. Wọ́n gbé àdá kan, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e padà. Wọ́n ní, "Tísà, ìwọ ni o sọ fún mi pé Ọlọ́run ń gbọ́ ni orúkọ mi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n fi òun àti ìyá rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti gbọ́ wọn. Kì í ṣe àwọn tí ó wà nílé ni ó gbọ́."

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń tún ìlẹ̀kùn yàrá Jóṣúà ṣe nígbà tí mo rí Bàbá tí wọ́n ń bọ̀ láàrin agbo ilé. Wọ́n gbé àpótí wọn dání. Gbogbo ilé rí wọn. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, Bàbá ní kí n máa ṣe iṣẹ́ mi.

Ṣàntáàlì ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n jókòó.

"Ìyàwó, nígbà tí o kọ́kọ́ rí ojú ọmọ yìí, kí ni ó jáde lẹ́nu rẹ?"

Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ ná."

"Mo mọ̀."

"Kí ni ẹ wá fẹ́ fi ohun tí mo sọ ṣe?"

"N kò ní fi ṣe nǹkan kan. Kí n gbọ́ ọ ni mo ṣe wá."

Ó bẹ ẹ̀gẹ́ náà tán, ó jù ú sínú abọ́. "Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ mi."

N kò rí i rí kí ìyá ọmọ kan máà dá Bàbá lóhùn. Mo rò pé wọn yóò dìde. Wọ́n mú ọ̀bẹ kan nínú abọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bẹ ẹ̀gẹ́, wọn kò sì mọ̀ ọ́n bẹ. Nígbà tí ó yá, wọ́n béèrè pé, "Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?"

"Àbẹ̀kẹ́."

Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ tí ó wà ní gbogbo ilé ní Ijoun. Ó ti ń gbé inú ilé wa láti ìgbà tí Jóṣúà ti mú un wálé, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ̀ ọ́n.

Bàbá ní kí ó bá àwọn pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí fóònù wọlé, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣí fìlà. Wọ́n kí màmá náà, wọ́n bi í nípa orúnkún rẹ̀, wọ́n ní àwọn ni Tísà, bàbá Jóṣúà. Fóònù náà ń sọ̀rọ̀ sókè. Mo gbọ́ ohun tí ó sọ, Ṣàntáàlì náà gbọ́.

"Mo mọ ohùn yín, Bàbá," màmá náà ní. "Mo gbọ́ yín ní ọjọ́sí."

*

Bàbá kò sọ ọmọ kankan lórúkọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bí àwọn òbí bá wá, wọn a ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Wọn kò pe Ṣàntáàlì ní Ìyá Gẹ́ṣómù mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò lè sọ pé ó dárí jì wọ́n. Ó ń gbé oúnjẹ fún wọn, ó ń fọ aṣọ wọn nígbà àìsàn. Nígbà tí ẹnubodè ṣí, ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn, ó wẹ ọmọ tí ó ti lè sáré. A jókòó, a ń wò wọ́n, a ń kí wọn kú iṣẹ́. N kò rí ibi tí mo lè kọ ojú sí.

Èmi ni mo bi Bàbá, nígbà tí ara wọn kò le mọ́, pé ṣé kí a yí orúkọ ọmọ náà padà. Jékọ́bù náà yí ti ọmọ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ pè ní ọmọ ìbànújẹ́ mi, ó sọ ọ́ di Bẹ́ńjámínì. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní àwọn ti gba ẹnu obìnrin náà nígbà kan, àwọn kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Ní ọjọ́ tí ìwọ yóò máa pe orúkọ àwọn ọmọ," wọ́n ní, "bí o bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn, má ṣe sọ ìtumọ̀ tí mo sọ. Dúró."

*

Ní ọjọ́ ìsìnkú, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Mo ti há gbogbo orúkọ náà sórí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi, mo ń sọ̀ kalẹ̀, ìjọ ń ṣe Àmín. Alhaji Ìsìmáílà jókòó ní iwájú, wọ́n ń ṣe Àmín pẹ̀lú wa. Mo dé ibẹ̀.

"Gẹ́ṣómù."

"Èmi nìyí," ọmọ náà dáhùn. Ó na ọwọ́ sókè bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé-ìwé.

Mo dúró. Àwọn ènìyàn rò pé mo ti gbàgbé. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún mi pé, "Àlejò níbẹ̀." Jóṣúà wúkọ́. Ọ̀kadà kan kọjá ní títì.

Ṣàntáàlì dìde ní ìlà àwọn obìnrin. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wò mí, pósí ni ó ń wò. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bi mí nígbà kan. Nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo ní, 'Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ níbí.'"

Ó jókòó.

Iṣẹ́ mi ni láti sọ ìtumọ̀ kí ìjọ tó ṣe Àmín. Mo gbà á sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. "Gẹ́ṣómù," mo ní. "Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ níbí."

Mo dúró de Àmín. Kò sí ẹni tí ó ṣe é. Gbogbo àwa ará ilé tí a wà níbẹ̀ ni a wà nínú ilé náà nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé Àmín náà kò ní wá, mo pe orúkọ ọmọ tí ó tẹ̀ lé e.